Agbowó-Orí-Padà

Agbowó-orí-padà ni arìnrìn-àjò tó ń ra ẹ̀rọ nílẹ̀ òkèèrè, tí ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára ẹ̀rọ náà bí kò ṣe lára owó orí tó wà lórí rẹ̀. Kí á má ṣe ṣì í mú fún agbowó-òde, ẹni tí ayé àtijọ́ mọ̀ pé ó ń gba owó orí lọ́wọ́ aráàlú fún ìjọba. Lọ́wọ́ ìjọba ni ti eléyìí ti ń gbà á, àpò ara rẹ̀ ló sì ń kó o sí. Èèyàn tó ti lé ní ogójì ọdún ni, ó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, ó sì máa ń jáde nílùú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ìpàdé ibi iṣẹ́ lè gbé e lọ, ọmọ tó wà ní yunifásítì lè gbé e lọ, ìkómọ ọmọ àbúrò náà lè gbé e lọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ìyá tó ń ti Balógun àti Ìdúmọ̀tà lọ rajà ní Dubai kì í ṣe ara wọn. Kágò ni àwọn ìyá ń kó ẹrù fún, ètò tí wọ́n ṣe fún arìnrìn-àjò kò kan ẹrù kágò, ẹ̀dínwó ojú ẹsẹ̀ sì ni wọ́n ń bá oníṣọ́ọ̀bù fà. Bí wọ́n bá rí agbowó-orí-padà lórí ìlà ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n á kí i, wọ́n á sì kọjá.

Rìsíìtì ni a fi ń dá a mọ̀. Àwọn yòókù ń ju tiwọn sínú garawa ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Òun ń tẹ́ tirẹ̀ pẹrẹsẹ sínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan, ó ń kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń ya fọ́tò rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ ṣá. Ìbéèrè rẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹlòmíì á fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù ń ya fọ́tò dáadáa, bóyá bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Òun kò tíì fọwọ́ kan fóònù tó fi ń bi ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé ṣé owó orí ti wà nínú ẹ̀, àbí wọ́n ṣì máa fi kún un. Ó mọ iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún bí ọmọ ilé-ìwé ṣe mọ táìmùsì tébù: Faransé 20, Jámánì 19, South Africa 15, Japan 10, Dubai 5. Méjì péré ló ti dé nínú wọn.

Òfin tó gbé irú èèyàn yìí jáde kò burú. Owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, èyí tí Maurice Lauré gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1954, orí ẹni tó máa lo ọjà gbó ló ń já lé. Ìlú tí wọ́n ti máa lo ọjà ló ni owó orí rẹ̀. Nítorí náà, fóònù tó fẹ́ lọ gbó sí Agúda ní Sùúrùlérè kò jẹ ìjọba Faransé ní gbèsè kankan, kódà bó jẹ́ Paris ni wọ́n ti rà á. Ṣùgbọ́n ojú oníṣọ́ọ̀bù kò tó Agúda; kò lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni oníbàárà ń lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè wá ń ṣe ni pé wọ́n á gba owó náà ná, wọ́n á sì dá a padà lẹ́nu ibodè fún àlejò tó bá fi ọjà àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ hàn. Bí a bá gbá tọ ọgbọ́n yìí dópin, Nàìjíríà ló ni owó orí fóònù Agúda. Nàìjíríà kúkú ní VAT tirẹ̀ láti ọdún 1994. 5 lórí ọgọ́rùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì di 7.5 ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020. Ibí yìí ni agbowó-orí-padà máa ń dá ẹ̀kọ́ náà dúró sí. Òun kan náà ń san 7.5 yìí lórí owó ìpè àti ní ilé ìtura, kò sì wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì rí. Owó orí ilé kì í dùn ún. Ti òkèèrè ni kì í jẹ́ kó sùn.

Lọ́ńdọ̀nù ni ibùba rẹ̀ nígbà kan. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2011 ni VAT ti di 20 lórí ọgọ́rùn-ún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà, àlejò lè gba fọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù, kó fi han aṣọ́bodè lọ́jọ́ tó ń padà, kó sì gba owó rẹ̀. Orí èyí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú ìṣirò rẹ̀ wà. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá jẹ́ £1,200, á ní owó orí tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ £240. Kò rí bẹ́ẹ̀. £1,000 ni kọ̀ǹpútà, £200 ni owó orí tí wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọn. Ìdá kan nínú mẹ́fà iye tó san ni, kì í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn dá owó padà yóò sì yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀ nínú £200 náà. Àmọ́ £240 ló ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, £240 náà ló sì ń jẹ́ títí dòní.

Ọjọ́ tó ń padà bọ̀ ni ìwà rẹ̀ máa ń hàn kedere. Aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ lè rí ọjà kó tó lu fọ́ọ̀mù lóǹtẹ̀, ìyẹn ni pé báàgì kò gbọdọ̀ tíì kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ó mọ òfin yìí dunjú, ó sì gbàgbé rẹ̀ lóru tó ń di ẹrù. Ìsàlẹ̀ báàgì pátápátá ló fi kọ̀ǹpútà sí, kó má baà fọ́. Níwájú gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn rẹ̀, ó já okùn tí àbúrò rẹ̀ fi di báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀: kúbùsù méjì, bàtà ilé-ìwé mẹ́fà tí wọ́n ti fi ìbọ̀sẹ̀ kún inú wọn, agolo ìpara, páálí oúnjẹ àárọ̀ ọmọdé, ọ̀rá ṣokoléètì kan tó ti bẹ́, àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tirẹ̀ tí kò ráyè fọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yín máa lọ o," ni àbúrò tó sìn ín wá ń wí.

"Dákẹ́ jàre. Igba pọ́n-ùn ó lé!"

Aṣọ́bodè wo kọ̀ǹpútà náà fírí, ó lu òǹtẹ̀. Ohun tó ti inú báàgì jáde kò gbà padà mọ́. Ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn àti kóòtù kan ni ọkùnrin náà wọ̀ bọ̀ wá sí Èkó nínú oṣù Kẹta.

Ètò yẹn parí fún England, Scotland àti Wales ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Northern Ireland nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, ibẹ̀ kò sì sí lójú ọ̀nà ẹni tó ń lọ Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Kwasi Kwarteng tó jẹ́ mínísítà ìṣúná wọn kéde pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ń padà bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, Jeremy Hunt tó gba ipò rẹ̀ fagi lé e. Ayọ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ ìkéde gan-an ni agbowó-orí-padà ti fi ìròyìn ayọ̀ náà sórí WhatsApp ẹbí. Ìròyìn kejì kò tíì débẹ̀ di bí a ṣe ń wí yìí.

Bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe ti ilẹ̀kùn, Dubai ló kù. Kò sí VAT kankan níbẹ̀ kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2018, òun tó sì ti ń lọ síbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà kò gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí owó tí wọn kò gbà lọ́wọ́ ẹni kò ṣe é gbà padà. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fún àlejò, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. (Japan tilẹ̀ fi ìgbà pípẹ́ jẹ́ kí àlejò fi ìwé ìrìnnà rajà láìsan owó orí rárá ní ṣọ́ọ̀bù, òfin tuntun wọn ni pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2026, kí àlejò san án ná kó tó gbà á padà. Ìgbà tó gbọ́ èyí ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó wu òun láti dé Tokyo.)

Ìṣirò Dubai kò le. Ọjà gbọ́dọ̀ tó dirham 250, ó gbọ́dọ̀ kúrò nílùú kí 90 ọjọ́ tó pé, 85 lórí ọgọ́rùn-ún owó orí náà ni wọ́n ń dá padà, wọ́n sì tún ń yọ dirham 4.80 lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. Fóònù tó bá jẹ́ dirham 4,200, owó orí inú rẹ̀ jẹ́ 200. 85 lórí ọgọ́rùn-ún ìyẹn jẹ́ 170. Bí 4.80 bá kúrò níbẹ̀, dirham 165.20 ló máa dé ọwọ́, nǹkan bíi dọ́là 45. Owó ni, kò sẹ́ni tó máa jù ú nù. Àmọ́ ní òpópónà Al Fahidi àti ní Deira, níbi tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ti fara kọ́ra bíi ti Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ẹni tó bá lẹ́nu lè nájà kó rí ẹ̀dín tó jùyẹn lọ láìtò síbì kan. Agbowó-orí-padà kì í nájà níbẹ̀. Ó ní kò bójú mu kí àgbàlagbà máa nájà nílùú onílùú. Ẹni tó ń wí bẹ́ẹ̀ ti bá ìyá aláta jà rí ní Mile 12 lórí igba náírà.

Láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2022 títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ òfurufú Emirates ti Dubai kò fi wá sí Èkó, àwọn tó sún mọ́ ọn ní ó rù.

Amẹ́ríkà ló máa ń bà á nínú jẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kì í gba owó orí ọjà, nítorí náà kò ní ohun tó máa dá padà fún àlejò. Ìpínlẹ̀ àti ìlú ló ń gbà á, olúkúlùkù bó ṣe wù ú, iye tó wà lára ọjà kọ́ sì ni iye tí èèyàn máa san. Ó mú $1,000 dání lọ ra fóònù ní New York, wọ́n ní kó mú $88.75 sí i: 4 lórí ọgọ́rùn-ún fún ìpínlẹ̀, 4.5 fún ìlú, 0.375 fún ọkọ̀ èrò. "Ọkọ̀ èrò wo? Ṣé wọ́n rí mi nínú bọ́ọ̀sì wọn ni?" Ní Houston, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí, 8.25 ni. Texas ní ọ̀nà tí àlejò fi lè gba díẹ̀ padà níbẹ̀, àwọn tó ń bá èèyàn ṣe é náà sì ń bu tiwọn. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ márùn-ún wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kì í gba owó orí ọjà, ìyẹn Alaska, Delaware, Montana, New Hampshire àti Oregon, ó sì mọ èyí tó sún mọ́ New York jù nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Brooklyn ló dé sí. Àbúrò náà ń tọ́jú arúgbó, wákàtí tó bá ṣe ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, ká jókòó sílé," ni àbúrò bẹ̀ ẹ́. Ó fajú ro. "Ṣé owó ni mò ń sọ? Ìrẹ́jẹ ni mi ò fẹ́." Wọ́n gbéra lọ sí Delaware ní aago méje òwúrọ̀. Wọ́n sanwó ojú ọ̀nà ní New Jersey, wọ́n san òmíràn lórí afárá Delaware Memorial, wọ́n ra epo, wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀mejì, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan sì bọ́ lọ́wọ́ àbúrò. Nígbà tó ra fóònù náà ní $1,000 geere, ó na rìsíìtì sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ òdo sí, ó ní kí àbúrò ya òun ní fọ́tò. Nínú ìwé tirẹ̀, èrè $88.75 ló jẹ lọ́jọ́ náà, a kò sì lè já a nírọ́, nítorí àbúrò ló san gbogbo ìyókù.

Èkó ló ti wá rí i pé fóònù náà kò ní ihò SIM. Láti orí iPhone 14, tó jáde nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ni Apple ti yọ ojú ihò náà kúrò lára èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Ó yí fóònù po, ó fi èékánná tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ihò ohùn, kò ṣí. Ó lọ tò ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tẹlifóònù rẹ̀ kí wọ́n lè bá a sọ SIM di ti inú ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ kúkú ti mọ́ ìlà. Ti fóònù ṣì dára, ṣájà rẹ̀ ń gba iná ibikíbi. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìlọta tàbí máíkúrówéèfù bọ̀ láti Delaware ti gbé ohun tí wọ́n ṣe fún iná 120 wá sí ìlú oníná 230. Ìró kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbọ́ nílé ìdáná, èéfín á sì tẹ̀lé e.

Ìwà rẹ̀ kan tún wà tó yẹ kí á wò fínnífínní: ẹ̀rọ kan náà máa ń ní ọjọ́ orí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní pápákọ̀ ìlú tó ń dá owó padà, tuntun ni. Ọ̀rá ṣì wà lára páálí, ó sì ń fi í han aṣọ́bodè bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han ìyá àgbà. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra sókè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bó ọ̀rá kúrò, ó tẹ páálí pẹlẹbẹ sísàlẹ̀ báàgì ọwọ́, ó tan fóònù, ó fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ sójú rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò pa gíláàsì káàkiri kó lè dọ̀tí díẹ̀. Ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, bí aṣọ́bodè bá bi í pé, "Ọ̀gá, kí ló wà nínú báàgì yẹn?", èsì ti wà nílẹ̀: "Ohun tí mo ti ń lò tipẹ́ ni, ọ̀gá mi." Láti Dubai sí Èkó, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ni "tipẹ́" náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá fẹ́ ta fóònù náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, páálí á ti inú báàgì jáde, wọ́n á nà án ró, fóònù á sì di tuntun padà.

Títí débí, ẹ̀rín ni. Ibi tí kò ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín mọ́ ni ti iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an. Kò sẹ́ni tó ń lọ òkèèrè tí wọn kì í rán níṣẹ́. Àǹtí kan á wá bá a lẹ́yìn ìsìn: "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra fóònù fún ọmọ mi tó wọ yunifásítì. Iye tó bá jẹ́, màá san án." Ó ra fóònù náà ní dirham 4,200. Ó mú rìsíìtì wá fún àǹtí, 4,200 ló sì wà lórí rẹ̀. Kò purọ́, rìsíìtì kì í purọ́. Wọ́n jọ ṣí i sí náírà, iye tí àwọn oníṣẹ́ńjì ń pè é lọ́jọ́ náà ni wọ́n lò. Àǹtí ka owó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà pé ẹsẹ̀ tó gbé e lọ tó gbé e bọ̀ kò ní kọsẹ̀, ó sì tún fi ìgò oyin kan tì í. Dirham 165.20 tí wọ́n ti dá padà lórí fóònù yìí kan náà wà nínú pọ́ọ̀sì tó kì sápò ẹ̀yìn nígbà tó ń ṣe àmín. Bó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún ló rán an ní irú rẹ̀, dirham 826 nìyẹn.

Àwíjàre rẹ̀ ni pé inú báàgì òun ló gbé e, pé òun lòun tò. Kò burú. Ẹni tó bá ru ẹrù yẹ kó jẹ níbi ẹrù. Ṣùgbọ́n alábàárù Ọ̀yìngbò á dá iye tó máa gbà kó tó ki ẹrù mọ́lẹ̀, ẹlẹ́rù á sì ní òun gbà tàbí òun kò gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àǹtí yàtọ̀. Ìjọba Dubai ti fi owó orí náà sílẹ̀. Síbẹ̀ àǹtí san án, ẹnì kan sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Agbowó-òde ni ẹni tó bá ń gba owó orí lọ́wọ́ aráàlú. Ti àtijọ́ máa ń jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, aráàlú sì máa ń sá fún un gba ẹ̀yìnkùlé. Èyí tòde òní, ilẹ̀kùn iwájú ni wọ́n ń ṣí fún un, wọ́n sì ń bu omi tútù fún un.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán an lọ́dún yìí, kó má béèrè rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù nìkan. Bébà kejì wà, pẹ́lẹ́bẹ́ kan tí wọ́n fún un ní pápákọ̀, tí iye tí wọ́n dá padà wà lórí rẹ̀. Bó bá ní òun kò mọ ibi tó wà mọ́, inú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn ni. Kì í ju bébà nù.